Omi Dé Lóru: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Ibùdó Albert Pike, 11 Oṣù Kẹfà 2010

Ẹni tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yóò rántí ọjọ́ Ẹtì 11 oṣù Kẹfà 2010. Ọjọ́ yẹn ni Ife Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Johannesburg. Gúúsù Áfíríkà àti Mexico ló kọ́kọ́ wọ pápá, ọkàn tiwa sì ti wà lọ́dọ̀ Argentina tí Super Eagles máa pàdé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí fèrè dún, aago mẹ́ta ọ̀sán ni nílé, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sì ni ní ìpínlẹ̀ Arkansas, lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Nínú àfonífojì kan láàárín àwọn òkè Ouachita níbẹ̀, ní ibùdó ìpàgọ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Albert Pike, àwọn èèyàn wà nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń wọ́ igi wíwó kúrò lára ọkọ̀ tó dojú dé, wọ́n ń wá ará wọn.

Èèyàn 20 ni omi pa mọ́jú ọjọ́ yẹn. Àlejò ló pọ̀ jù nínú wọn: àwọn ìdílé tó wá lo ìsinmi láti Louisiana, láti Texas, àti láti Arkansas fúnra rẹ̀. Wọ́n pàgọ́, wọ́n gúnlẹ̀ ọkọ̀ onílé wọn, ìyẹn mọ́tò ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, sétí odò, ilẹ̀ ṣú, wọ́n sùn. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tó kú.

Texas ni èmi náà ń gbé, mo sì wà lára àwọn Yorùbá díẹ̀ tí wọ́n máa ń kó ọmọ lọ sùn sínú igbó nígbà ìsinmi. Ìyá mi ò tíì gbà pé orí mi pé. “Ilé tí ò ń san gbèsè ẹ̀ lóṣooṣù, ìyẹn lo fi sílẹ̀ tí o lọ ń sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọdẹ?” Mo ṣàlàyé fún wọn títí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí n ṣáà rántí pé ọdẹ mọ igbó tó ń sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń pa dà sí mi létí tí mo bá ti ka nǹkan kan nípa Albert Pike.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí igbó ìjọba tí ibùdó náà wà nínú rẹ̀. Ọdún 1907 ni ìjọba àpapọ̀ yà á sọ́tọ̀, lábẹ́ Ààrẹ Theodore Roosevelt. Orúkọ Arkansas ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é, kó tó di Ouachita lọ́dún 1926. Ó tó nǹkan bí éékà mílíọ̀nù 1.8, ó sì na ẹsẹ̀ wọ Oklahoma. Àwọn òkè ibẹ̀ ò ga lọ títí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwà tiwọn: ọ̀pọ̀ òkè Amẹ́ríkà nà láti àríwá sí gúúsù, tiwọn nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Igi páìnì àti igi óòkù ló bò wọ́n. Abẹ́ igi yẹn, òkúta ni. Wọ́n ń wa òkúta kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ novaculite, ó le débi pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Erùpẹ̀ tó bo òkúta yìí ò nípọn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè sì dà sísàlẹ̀ gan-an. Òjò ńlá tó bá rọ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní pẹ́ tó fi tán ibi tó máa rì sí. Sísáré ló kù fún un.

Odò Little Missouri ti inú àwọn òkè yìí wá. Kì í ṣe Missouri ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ o. Nígbà tí òjò ò bá rọ̀, ojú lásán lèèyàn fi ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lápá òkè, omi rẹ̀ ń já látorí àpáta níbi tí wọ́n ń pè ní Little Missouri Falls. Lápá ìsàlẹ̀, ó ń wọ adágún Greeson. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin inú igbó mọ ibẹ̀ dáadáa nítorí Eagle Rock Loop, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó tó nǹkan bíi máìlì 27, tó máa yí èèyàn ká àwọn òkè náà títí tí yóò fi dá a pa dà síbi tó ti gbéra. Ibùdó Albert Pike wà ní bèbè odò yìí gan-an, ní Montgomery County, kò jìnnà sí Langley. Orúkọ amòfin kan ni wọ́n fi pè é, tó di ọ̀gágun fún ìhà Gúúsù nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tó sì lọ fara pamọ́ sí agbègbè yẹn nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Bí orúkọ ẹni tó jà fún àwọn olówó ẹrú ṣe wá di orúkọ ibi fàájì, ọjọ́ mìíràn la máa sọ ìyẹn.

Mẹ́rin ni wọ́n pín ibùdó náà sí, Loop A títí dé Loop D. Loop D ló tuntun jù, lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n ṣe é. Àwọn ọlọ́kọ̀ onílé fẹ́ràn ibẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tó bá ti fẹ̀yìn rìn pẹ̀lú irú ọkọ̀ yẹn rí nínú òkè mọ bí ilẹ̀ títẹ́jú ṣe ń dùn mọ́ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè ni ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ náà. Láàárín òkè, ibi tó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, odò ló tẹ́ ẹ. Ó ti wá síbẹ̀ rí, ó dà yanrìn sílẹ̀, ó pa dà lọ.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì, afẹ́fẹ́ tó rù omi wá láti òkun Gulf of Mexico pàdé àwọn òkè náà, òjò sì ń rọ̀ léraléra sójú kan náà. Nǹkan bí ínǹṣì 7 ló rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ odò orí òkè ni pé òjò tó ń lu àgọ́ rẹ lórí kọ́ ló máa ń pani. Òjò tó rọ̀ lókè odò, ní máìlì mélòó kan sí ọ, lẹ́yìn òkè tí ojú rẹ ò tó, òun ló ń bọ̀. Àwọn odò kéékèèké ẹ̀gbẹ́ òkè gbé tiwọn wá lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn dà sínú àfonífojì tóóró kan, kò síbi tí omi lè yà sí. Gíga ló ń ga.

Òṣùwọ̀n kan wà lójú odò nítòsí Langley tó ń kọ gíga omi sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí omi tó dé, ohun tó kọ ò tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Nígbà tó fi di aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ó ti lé ní 23. Ilé alájà kan ló dìde látinú odò yẹn nígbà tí àwọn èèyàn ń hanrun. Nígbà tó le jù, gíga rẹ̀ ń fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 lé sí i láàárín wákàtí kan. Ẹ jẹ́ n fi òmíràn wé e kó lè yé wa: omi tó ń sáré tí kò ju ínǹṣì 6 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Bó bá di ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ó lè gbé mọ́tò kékeré lọ.

Àwọn tó yè é sọ pé ariwo ló jí àwọn, àwọn mìíràn ní omi tó ti wọ inú àgọ́ ni. Òkùnkùn biribiri ni. Àwọn kan gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n kọrí sí òkè. Àwọn kan dì mọ́ igi títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ń rí iná tọ́ọ̀ṣì tó ń lọ lójú omi, wọ́n ń gbọ́ igbe, wọn ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́, omi ti ká ọ̀dà ojú títì bí ẹní tí wọ́n ká, ó ti bó èèpo ara igi, àwọn ọkọ̀ onílé sì ti rún mọ́ra wọn láàárín igi. Odò náà ò tilẹ̀ pẹ́ kó tó fà sẹ́yìn.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ìkìlọ̀ wà. Nǹkan bí aago méjì òru ni National Weather Service, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ti kéde pé omi lè ya lójijì ní agbègbè yẹn. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ lóru yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àkókò ṣì wà nígbà yẹn fún ẹni tó wà ní Loop D láti fi ẹsẹ̀ rìn gun òkè, kó jókòó síbẹ̀ kó máa gbọ̀n nínú òjò títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ta wá ni ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ò sí nínú àfonífojì yẹn. Rédíò tí àjọ náà fi ń kéde ojú ọjọ́ kì í wọ ibẹ̀, òkè ti dí i lọ́nà. Kò sí ẹ̀rọ tó ń hu láti jí èèyàn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ dáadáa jáde láti ọ́fíìsì, ó rìn gba inú afẹ́fẹ́, ó kan òkè, ó dúró síbẹ̀. Nílùú àwọn baba wa, tí ọba bá ní ọ̀rọ̀ fún ará ìlú, ẹnì kan ló máa gbé agogo kiri. Orílẹ̀-èdè tó ní sátẹ́láìtì lójú ọ̀run tó lè ka ìkùukùu, ní òru ọjọ́ yẹn, ohun tó ṣaláìní ní Albert Pike ni ẹnì kan tó máa lu agogo láti àgọ́ dé àgọ́.

Ìwé tí àwọn àlejò ń forúkọ sí nígbà tí wọ́n bá dé pàápàá bá omi lọ. Ìyẹn dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀: ẹnikẹ́ni ò mọ iye èèyàn tó sùn níbẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, iye tí wọ́n ń pè ń lọ sókè sódò, nítorí àwọn ẹbí láti ìpínlẹ̀ mìíràn ń pè wá pé àwọn ò gbúròó ènìyàn àwọn, nígbà tó jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹni náà wà ní òmíràn nínú àwọn ibùdó tí fóònù ò ti wọlé. Gómìnà Arkansas nígbà náà, Mike Beebe, wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn olùwá tó tó nǹkan bí 200 tọ odò náà lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ajá, ẹṣin, ọkọ̀ ojú omi àti hẹlikọ́pítà. Wọ́n rí òkú àwọn kan ní ọ̀pọ̀ máìlì sí ibi tí wọ́n sùn sí. Ọjọ́ Ajé 14 oṣù Kẹfà ni wọ́n rí ẹni ogún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àjálù lásán lójú tèmi ni orí ilẹ̀ Loop D. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí omi ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún máa ń bò ni. Orúkọ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n á rò pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún ni, pé tó bá ti ṣẹlẹ̀ nígbà bàbá, ọmọ lè fọkàn balẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ànfààní kan nínú ọgọ́rùn-ún wà pé omi á bo ibẹ̀. Bí ibùdó bá wà níbẹ̀ fún ọdún 30, ó ti di nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ sùn sórí ẹyọ kan nínú mẹ́rin?

Kì í sì í ṣe pé òfin dákẹ́. Láti ọdún 1977 ni Ààrẹ Jimmy Carter ti fọwọ́ sí àṣẹ kan, nọ́ńbà rẹ̀ ni 11988, tó sọ fún gbogbo àjọ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n yẹra fún kíkọ́ nǹkan sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ omi bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ó tún sọ pé, níbi tí aráàlú bá ti ń lo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sàmì síbẹ̀ tó hàn gbangba, ibi tí omi ti ga dé rí àti ibi tó lè ga dé. Àmì lásán. Igi kan, ọ̀dà pupa, nọ́ńbà. Ó ti lé ní 20 ọdún tí àṣẹ yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó la Loop D.

Èmi ò sọ pé àmì ì bá ti gba gbogbo wọn là. Ṣùgbọ́n bàbá tó bá ń so okùn àgọ́ mọ́ igi, tó wá rí i pé àmì omi wà lókè orí òun, á ro nǹkan méjì kó tó sùn.

Nílé, nígbà tí Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, àti nígbà tí omi tún kó ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ nílùú kan náà ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, ẹnu wa kò yé sọ pé àwọn tó kọ́lé dí odò lọ́nà ló fọwọ́ ara wọn fà á. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ti Albert Pike ò kọ́ nǹkan kan. Ìjọba ló pààlà ilẹ̀, ìjọba ló kọ nọ́ńbà sára òpó, àlejò kàn wá síbi tí nọ́ńbà ní kó sùn ni.

Àwọn ẹbí pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́. Ibi tí ẹjọ́ náà ti fọ́rí sọlẹ̀ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lábẹ́ òfin tó jẹ́ kí èèyàn lè gba owó lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún irú ọ̀ràn báyìí, ohun tí ilé ẹjọ́ máa ń bi ni pé: ká ní aládàáni ló ni ilẹ̀ yìí, ṣé òfin ìpínlẹ̀ á mú un? Arkansas sì ní òfin kan tó ń bo onílẹ̀ tó bá ṣí ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún aráàlú láti wá gbafẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ò burú. Bí àgbẹ̀ tó ní adágún lẹ́yìn oko bá ń bẹ̀rù pé ọmọ aládùúgbò tó wá pẹja lè ṣèṣe kó sì pe òun lẹ́jọ́, géètì ni yóò tì pa. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kọjá òfin yìí ò pọ̀: kó jẹ́ pé onílẹ̀ gbowó ìwọlé, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ nípa ewu tó kọjá sísọ, ó sì fi ìkà pa ẹnu mọ́.

Àwọn ẹbí ò rí èyíkéyìí gbà kọjá. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2018, ọdún kẹjọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì ní sọ pé adájọ́ ṣi òfin kà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe kà á. Ṣùgbọ́n agboorùn tí wọ́n rán fún àgbẹ̀ aládágún ni ìjọba tó tóbi jù láyé gbà, tó sì fi bo orí ara rẹ̀. Ìyẹn ò dùn mọ́ mi, bí ẹ bá sì bi mí lọ́la, bákan náà ni màá sọ.

Ní ti ibùdó náà, fún ohun tó lé ní ọdún 10 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀ mọ́. Lákòókò yẹn, èèyàn lè wá lọ́sàn-án, kó lúwẹ̀ẹ́, kó pẹja, kí ọmọ ju òkúta sómi. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, kó máa lọ. Àwọn kan láàárín ará agbègbè ò fara mọ́ ọn, nítorí àwọn onílé ìtajà kéékèèké ń jẹun lára àlejò tó bá sùn. Mo gbọ́ tiwọn. Òru ni omi dé, òru náà ni wọ́n tì pa.

Ohun tó yí pa dà ní tèmi ò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá dé ibùdó létí odò báyìí, mi ò kì í kọ́kọ́ já ẹrù. Màá rìn lọ sétí omi, màá gbójú sókè. Bí odò bá ti ya níbẹ̀ rí, ewé gbígbẹ àti ẹ̀ka tó gbé wá máa ń há sórí igi, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọ mi obìnrin tẹ̀ lé mi, òun náà gbójú sókè. Ó ní, “Daddy, ẹyẹ wo ló kọ́ ìtẹ́ yẹn?” Nǹkan náà ga jù mí lọ ní ìlọ́po méjì. Mo ní kì í ṣe ìtẹ́ ẹyẹ, omi ló gbé e síbẹ̀. Ó wo odò tí ò dé orúnkún rẹ̀, ó tún wo orí igi.

“Omi wo?”

A pa dà sínú mọ́tò, a wakọ̀ gun òkè, a sì pàgọ́ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bá wa du àyè.